Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Tọ́ Ẹmu Wò Nílé, Kí Wọ́n sì Fún un Ní Máàkì

Ó pẹ́ tí èmi àti Bàbá Tọ́pẹ́ ti ń jiyàn lórí ẹmu. Ó ní ẹmu ọ̀pẹ tó ń ti Ìdànrè wá ló dára jù. Èmi ní kò sí èyí tó tó ògùrọ̀ apá Òkìtìpùpà. Ní Sátidé kan, nílé wa ní Àkúrẹ́, a jókòó dán an wò.

Ẹ ra oríṣi mẹ́ta, lítà kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ kùtù. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ìgbà wo lẹ gbé e sọ̀kalẹ̀?" Ẹ kọ aago yẹn sílẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹmu bá ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Láàárín wákàtí mélòó kan, ọtí inú rẹ̀ lè tó 4%. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, ó ti ń kan. Fíríìjì lè dá a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dé kẹ́ẹ̀gì náà pinpin. Èyí tí mo dé lọ́jọ́ kan wú bí bọ́ọ̀lù, ìdérí rẹ̀ sì fò lu àjà.

Ẹ fi asẹ́ sẹ́ kòkòrò kúrò. Ẹ gbé ife mẹ́ta kalẹ̀, ẹ kọ A, B, D sí abẹ́ wọn. Kí ọ̀kan nínú yín bu ẹmu sí i nígbà tí èkejì bá kọjú sí ògiri, kí ẹni tó kọjú sí ògiri wá tọ́ wọn wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pààrọ̀ ipò, kí ẹ yí ife padà.

Ẹ wò ó: ẹmu gidi a máa funfun bíi wàrà tí wọ́n bomi là, ìfófó rẹ̀ a sì máa rú. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fà á sẹ́nu, ẹ dá a dúró díẹ̀, ẹ gbé e mì. Bí adùn rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, tó tún wá korò lẹ́yìn, ẹ fura pé wọ́n ti fi sakarín sí i. Ẹ mu omi, kí ẹ jẹ iṣu sísun díẹ̀ kí ẹ tó kan èyí tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àsun dúró ná. Ata rẹ̀ a pa ahọ́n yín.

Òórùn, adùn, híhó àti ohun tó kù lọ́fun: máàkì 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20 lápapọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ tán. Bí Bàbá Tọ́pẹ́ bá ti mí kanlẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi kì í lè fún ẹmu náà ní 1 mọ́. Ẹ wá wo owó lítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ èyí tó tó owó rẹ̀.

Aboyún kò gbọdọ̀ bá wọn tọ́ ọ wò, ẹni tó bá sì mu ún kó má wakọ̀.

Ẹ pa ìdajì mọ́, kí ẹ tún tọ́ ọ wò ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti yé wa. Ògùrọ̀ tí mo fún ní 17 láàárọ̀ já sí 9. Ti Ìdànrè gòkè láti 11 dé 16 lọ́wọ́ ọkọ mi. Adùn àárọ̀ ni èmi ń fẹ́, òun ń fẹ́ èyí tó ti le. Ní báyìí, kẹ́ẹ̀gì kan náà là ń rà: mo máa ń mu tèmi láàárọ̀, mo sì máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.