Bí mo ṣe ṣe sítáńdì tó gba táńkì ẹja mi

Táńkì ẹja tí mo rà, fíìtì 4 ni gígùn ẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ íńṣì 18, gíga ẹ̀ náà íńṣì 18, kí n tó wá nǹkan tó máa jókòó lé ni mo ti ṣe ìṣirò. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táńkì yìí gba nǹkan bíi lítà 250, gíláàsì ẹ̀ tó nípọn mìlímítà 10 ń lọ sí kílò 50, òkúta wẹ́wẹ́ tí mo fẹ́ dà sí i tún jẹ́ 40, ẹ rò ó pọ̀, bí ìgbà téèyàn to àpò sìmẹ́ǹtì méje sójú kan ní pálọ̀ ni, tọ̀sán tòru, kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó rẹwà o, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ mo wo abẹ́ ẹ̀, bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó lẹ̀ pọ̀ ni, ojú ẹ̀ nìkan ló ń dán, tómi bá fi lè ráyè wọ etí ẹ̀, á wú. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ìṣó ni wọ́n fi de òkè ẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kò sí ẹsẹ̀ kankan lábẹ́ ẹ̀. Irú ẹrù báyìí, orí ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ̀ sí tààrà.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan lọ ní Bàríga. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó irin òkè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó lé e lórí." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yé mi, bíi ti táńkì omi ilé nìyẹn." Skuwẹ́à páìpù íńṣì 2 la lò, Owódé Onírin la ti rà á, ẹsẹ̀ mẹ́fà, méjì nínú ẹ̀ wà láàárín. Kó tó jó o pa, a fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, lọ́nà méjèèjì, iye yẹn gbọ́dọ̀ bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti wọ́ nìyẹn. A kun ún ní red oxide kípata má bàa mú un.

Gíláàsì táńkì tèmi jókòó tààrà, kò ní férémù lábẹ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe tẹ́ fóòmù tín-ínrín sórí pílaíwúùdù tó wà lórí irin náà. Tí tiyín bá ní férémù oníke yí ìdí ẹ̀ ká, ẹ má fi fóòmù sí i rárá o, á máa ti gíláàsì ìdí ẹ̀ sókè láàárín, ìyẹn sì lè là á.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo gbé e sí, torí àárín dẹ́kìn ló máa ń tẹ̀ jù. Táìlì wa dà díẹ̀ sápá ẹnu ọ̀nà, mo wá ki irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tó relẹ̀. Abẹ́ sítáńdì lẹ máa ń ki nǹkan sí o, kì í ṣe abẹ́ táńkì! Mo rọ omi dé ìdajì, mo fi sílẹ̀ mọ́jú, mo fi rúlà wọn omi sí etí táńkì lápá ọ̀tún àti òsì, ó dọ́gba. Ni mo bá rọ ìyókù.