Bí mo ṣe mú Mọ́mì mi lọ jẹun ní Spaniards Inn, Hampstead

Ọjọ́ ìbí Mọ́mì mi bọ́ sí Sunday lọ́dún yìí, wọ́n sì wà lọ́dọ̀ mi ní London, ni mo bá ní a ò ní dáná nílé lọ́jọ́ yẹn o. Ibi tó ti wà lọ́kàn mi ọjọ́ ti pẹ́ ni Spaniards Inn, ilé ọtí àtijọ́ kan ní Hampstead tí wọ́n máa ń sọ pé ó ti wà láti 1585, tí wọ́n ń tún ṣe tí wọ́n ń tọ́jú títí dòní. Bí Mọ́mì ṣe gbọ́ "ilé ọtí" báyìí, ojú wọn yí padà. "Àdùkẹ́, èmi ìyá ìjọ, ṣé ilé ẹlẹ́mu lo fẹ́ mú mi lọ lọ́jọ́ Olúwa?" Mo ní rárá mà, pọ́ọ̀bù tiwọn níbí, tọmọ tìyá tajá ló ń jókòó jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè gba tábìlì sílẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo ti fóònù wọn, mo ní inú ilé ni ká jókòó sí, kó má sì jìnnà sẹ́nu ọ̀nà torí orúnkún Mọ́mì. Orúnkún yẹn náà ni mo rò tí mi ò fi gba stéṣọ̀n Hampstead, òun ló jìn jù nínú gbogbo stéṣọ̀n abẹ́ ilẹ̀ London, 58.5 mítà, tí lífìtì bá lọ kọṣẹ́ àtẹ̀gùn tó lé ní 300 lẹ máa gùn. Golders Green la bọ́ọ́lẹ̀ sí, a wọ bọ́ọ̀sì 210, ó gbé wa dé tòsí ẹnu ọ̀nà wọn. Àdúgbò olówó ni o, Bishops Avenue tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní ọ̀nà àwọn bílíọ́nìà ò jìnnà síbẹ̀.

Níwájú pọ́ọ̀bù yẹn ọ̀nà fún débi pé mọ́tò ìhà kan gbọ́dọ̀ dúró kí tìhà kejì tó kọjá, torí ilé kékeré kan tó wà lódìkejì. Mo sọ fún Mọ́mì pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá láyé àtijọ́. "Ẹ̀n-ẹ́n! Oníbodè! Òyìnbó náà ní oníbodè?" Àtìgbà yẹn lara wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ṣe, wọn ò sọ ọ́ di ilé tuntun. Àjà ẹ̀ ṣì wálẹ̀, pákó ara ògiri ti dúdú, èèyàn á mọ̀ pé òun wọ ilé àwọn àgbà. Sunday roast la jẹ, Mọ́mì mú adìẹ, èmi mú ẹran màlúù, pẹ̀lú pòtétò, kárọ́ọ̀tì àti Yorkshire pudding tó wú bí àkàrà tí inú ẹ̀ ṣófo. Mọ́mì ní adìẹ rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n ó tẹ́. Ni wọ́n bá tọ́ horseradish tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran mi wò, gbòǹgbò funfun kan tí wọ́n rin, imú ló ń ta sí dípò ahọ́n, omi dà lójú wọn, wọ́n ní "èyí mọṣẹ́", bí wọ́n ṣe fi jẹ gbogbo adìẹ yẹn tán nìyẹn.

A ń jẹun lọ mo wá sọ ìtàn tó jẹ́ kí n yan ibẹ̀ fún wọn. Oṣù kẹfà ọdún 1780, rògbòdìyàn bẹ́ ní London, inú ń bí àwọn èèyàn torí ìjọba dẹ òfin tó ń ni àwọn Kátólíìkì lára, wọ́n wá ń dáná sunlé kiri. Wọ́n ti ba ilé Lord Mansfield, adájọ́ àgbà, jẹ́ ní Bloomsbury, ni wọ́n bá kọrí sí ilé ẹ̀ kejì, Kenwood, tó wà nítòsí pọ́ọ̀bù yìí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹni tó ni pọ́ọ̀bù nígbà yẹn ló dá wọn dúró, ó ń bu ọtí fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń mu wọ́n ń mu títí àwọn sójà fi dé. Mansfield yìí kan náà ló dá ẹjọ́ James Somerset ní 1772, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti dè mọ́nú ọkọ̀ ojú omi láti lọ tà ní Jàmáíkà, adájọ́ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ilé ẹ̀ sì ni Dido Elizabeth Belle dàgbà sí, ọmọ tí ìbátan Mansfield tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ogun bí fún Maria Belle, obìnrin Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú.

Nítorí náà ẹ má jẹun tán kẹ́ ẹ kàn padà sílé. A rọra rìn lọ sí Kenwood, kò jìnnà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Edward Cecil Guinness ló ra ilé náà ní 1925, nígbà tó kú ní 1927 ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ìlú pẹ̀lú àwọn àwòrán iyebíye inú ẹ̀. Mọ́mì dúró. "Guinness tí bàbá yín ń mu?" Òun náà ni mà. Ọtí ló gba ilé yẹn lọ́wọ́ iná, owó ọtí náà ló tún sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

Ká tó kúrò níbẹ̀ wọ́n ní kí n tún orúkọ ìyá ọmọ yẹn pè fáwọn. Mo ní Maria Belle. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì sábẹ́ ètè, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, a lọ dúró de bọ́ọ̀sì.