Bí a ṣe ń fi trigger ṣe àdàkọ ìlà tuntun sínú tábìlì mìíràn

Bí ètò mẹ́ta bá ń kọ nǹkan sínú tábìlì kan náà, tí ẹ sì ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe àdàkọ síbòmíràn, bó pẹ́ bó yá, ọ̀kan yóò fo iṣẹ́ náà. Trigger ni àṣẹ tí dátábéèsì ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí ìlà bá wọlé sínú tábìlì; inú dátábéèsì gan-an ló ń gbé. Ẹni yòówù kó fi ìlà wọlé, ì báà jẹ́ ètò, ì báà jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ tẹ INSERT, yóò ṣiṣẹ́. MySQL, ọ̀kan lára àwọn ètò dátábéèsì, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí tirẹ̀ kúrú. Tábìlì tí a fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀ ń jẹ́ onibara; ó ní òpó id (AUTO_INCREMENT, tí MySQL ń fún ní nọ́ńbà fúnra rẹ̀) àti oruko.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe tábìlì tí àdàkọ yóò máa wọ̀:

```
CREATE TABLE akosile (
  id INT AUTO_INCREMENT PRIMARY KEY,
  onibara_id INT,
  oruko VARCHAR(100),
  igba DATETIME
);
```

Kò pọn dandan kó ní gbogbo òpó tí onibara ní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí id ìlà onibara tí a ṣe àdàkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Trigger náà rèé:

```
CREATE TRIGGER se_adako
AFTER INSERT ON onibara
FOR EACH ROW
INSERT INTO akosile (onibara_id, oruko, igba)
VALUES (NEW.id, NEW.oruko, NOW());
```

NEW ni ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ má lo BEFORE: nígbà yẹn, MySQL kò tíì fún ìlà náà ní nọ́ńbà AUTO_INCREMENT, òdo ni NEW.id yóò gbé wá. Bí tábìlì tí ẹ fẹ́ kọ sí bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kó àwọn INSERT náà sáàárín BEGIN àti END, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi DELIMITER pààrọ̀ àmì ìparí, kí ";" àkọ́kọ́ má baà gé e láàárín.

Ẹ dán an wò:

```
START TRANSACTION;
INSERT INTO onibara (oruko) VALUES ('A'), ('B');
SELECT * FROM akosile;
ROLLBACK;
```

Ìlà méjì yóò hàn. Lẹ́yìn ROLLBACK (àṣẹ tó ń fagi lé ohun tí a ṣe láti START TRANSACTION), bó bá jẹ́ InnoDB, irú tábìlì MySQL tó gba irú ìfagilé bẹ́ẹ̀, ni tábìlì méjèèjì, ẹ ò ní bá wọn níbẹ̀ mọ́. Ibi tó yẹ kéèyàn ti dúró ronú nìyí: àdàkọ àti INSERT tó bí i ti di ọ̀kan. Bí akosile kò bá gba ohun tí trigger gbé wá, bóyá UNIQUE (òfin pé nǹkan kan náà kò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì) ló dí i lọ́nà, bóyá òfo ló bọ́ sí òpó NOT NULL, tí kò gba òfo, ìlà onibara náà kò ní wọlé. Ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ yóò kàn rí àṣìṣe tí kò mọ orísun rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kó òfin jọ sórí tábìlì àdàkọ, ẹ má sì ki iṣẹ́ tó ń falẹ̀ bọ inú trigger.

Àwọn ètò dátábéèsì mìíràn yàtọ̀ díẹ̀. Ní PostgreSQL, ẹ máa kọ́kọ́ kọ function tó ń RETURNS trigger, kí trigger tó fi EXECUTE FUNCTION pè é (EXECUTE PROCEDURE ni, bí ẹ̀dà yín bá ṣáájú 11). SQL Server ló máa ń dẹ pàkúté fún èèyàn. Kò ní FOR EACH ROW. Ẹ̀ẹ̀kan ni trigger rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún gbólóhùn kan, ẹgbẹ̀rún ìlà ì báà wà nínú rẹ̀. Ẹ SELECT gbogbo wọn láti inú inserted, tábìlì tí SQL Server ń kó àwọn ìlà tuntun náà sí fún trigger, ẹ má fi wọ́n sínú variable.

Trigger kò mọ ìlà tó ti wà kó tó dé. Ẹ fúnra yín kó wọn wọlé:

```
INSERT INTO akosile (onibara_id, oruko, igba)
SELECT o.id, o.oruko, NOW() FROM onibara o
LEFT JOIN akosile a ON a.onibara_id = o.id
WHERE a.id IS NULL;
```

Àtúnṣe tí ẹ bá fi UPDATE ṣe kò ní dé akosile. AFTER UPDATE ń fẹ́ trigger tirẹ̀.