Bátìrì kámẹ́rà lójú ọ̀nà Pamir

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ ya fọ́tò ní àgbègbè olókè Pamir, ní Tajikistan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí kí ẹ tó di ẹrù. Físà nìkan kò tó o. Ẹ gba ìwé àṣẹ GBAO (orúkọ ìpínlẹ̀ tí Pamir wà nìyẹn) mọ́ ọn, wọ́n máa bèèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bátìrì ni wàhálà gan-an. Ìlú Murghab níbẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 3,600, òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé wa rárá. Bátìrì tó kún lálẹ́ lè kú kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú báàgì. Ẹ kó o sínú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ gbé e sùn mọ́ra bí ọmọ tuntun. Èyí tó bá kú, ẹ fi há abíyá díẹ̀, ó lè tún jí. Kí ẹ tó wọ yàrá tó móoru, ẹ ti kámẹ́rà bọ inú ọ̀rá, kí ẹ so ó lẹ́nu, kó má baà làágùn.

Odò Panj ni ààlà ibẹ̀ pẹ̀lú Afghanistan. Ẹ má ya ṣọ́jà, ẹ má ya àgọ́ wọn.