Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya ẹyẹ inú igbó
Ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà tó fúyẹ́ tàn yín o, tẹ́ ẹ bá ti so lẹ́ǹsì gígùn bíi 400mm mọ́ ọn, ọwọ́ gbọ̀n díẹ̀ báyìí, fọ́tò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé shutter speed (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé) dé 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá tẹ́yẹ bá bà sórí ẹ̀ka, tó bá ń fò 1/2000 ló dáa, kẹ́ ẹ wá fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó) sí auto kí kámẹ́rà yàn án fúnra ẹ̀; tó bá tiẹ̀ ga, kò burú, torí fọ́tò tó ní hóró-hóró díẹ̀ ṣì wúlò, èyí tó ṣe bàìbàì ò látùn-únṣe. Ọwọ́ òsì lábẹ́ lẹ́ǹsì, ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́, fókọ́ọ̀sì sójú ẹyẹ. Tó bá wà nínú ìtẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ọn rárá, ó lè fi ẹyin ẹ̀ sílẹ̀ sá lọ.