Orin 19 ní Ọjọ́ 4: Bí Mo Ṣe Jókòó sí Ìdí Ìlù Onílù Mìíràn

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ ti mú ní Kubwa débi pé ètè gbogbo wa ń la, ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tí ó sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìyìn kan ní Àbújá, pè mí lórí fóònù. Wọn kò kí mi pẹ́ rárá. "Àyàn, onílù wa ṣubú lórí ọ̀kadà lánàá, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti kán. A ní òde ní Àbújá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ní ti Jos lọ́jọ́ Ajé, a ní ti Kàdúná lọ́jọ́rú. Ṣé wàá lè bá wa lù ú?"

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 tí mo ti dé Àbújá, ìlù jáàsì, ìyẹn àkójọ ìlù tí ènìyàn kan ń jókòó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù, ni mo fi ń jẹun. N kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ẹni tí ó bá nílò onílù ni ó ń pè mí: ìgbéyàwó ní Gwarinpa lónìí, ìsìn ìdúpẹ́ ní Nyanya lọ́la, yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ní Lugbe lọ́tùnla. Nítorí náà, irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Ohun tí ó ṣàjèjì ni pé orin 19 ni mo ní láti mọ̀ láàárín ọjọ́ 4, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì tíì gbọ́ ju méjì lọ rí nínú wọn.

Kí n tó gbà, mo bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni yóò pèsè ìlù níbi kọ̀ọ̀kan, báwo ni owó yóò ṣe wọlé, àti pé ṣé bí àwọn orin náà ṣe wà nínú àwo ni wọ́n ń kọ wọ́n lórí ìtàgé. Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn ọ̀dọ́ onílù kì í sábà béèrè, òun gan-an sì ni ó ń kó ènìyàn sí wàhálà, nítorí pé orin tí kò ju ìṣẹ́jú 4 lọ nínú àwo lè gba ìṣẹ́jú 12 lórí ìtàgé bí Ẹ̀mí bá gbé olórin tàbí bí èrò bá ń náwó. Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé àwọn tó pe òde ni yóò pèsè ìlù, pé ìdajì owó yóò wọlé kí a tó kúrò ní Àbújá, àti pé wọn yóò fi fídíò òde méjì tó kẹ́yìn ránṣẹ́ pẹ̀lú àwo. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ti di lọ́yà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, n kò fọwọ́ kan igi ìlù títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fi earpiece sétí, mo ń fọṣọ, mo ń din ẹyin, mo sì ń gbọ́ àwọn orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá tètè mú igi lọ́wọ́, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò máa lù, kò ní gbọ́ ohun tí orin ń sọ. Ìgbà tí mo gbọ́ wọn tán lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó mú ìwé, tí mo sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: 8 yára, a sì ń ka ìlù wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, 6 jẹ́ irú èyí tí a ń kà ní mẹ́fà-mẹ́fà, tí èjìká ọmọ Yorùbá máa ń dá mọ̀ kí etí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, 5 tó kù jẹ́ orin ìjọsìn tí ó falẹ̀. Mo fi fóònù wọn ìyára kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye ìlù tí ó ń bọ́ sínú ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orin kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 96 nínú fídíò, ó sì parí ní 109, nítorí pé ariwo èrò lé onílù sáré. Ẹ̀gbọ́n ní òde yẹn gan-an ni ó mú kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í lo click, ohùn tí ń dún kó-kó-kó létí onílù láti inú kọ̀ǹpútà, pé 100 ni àwọn sì fi orin náà sí báyìí. Mo kọ 100.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìwé fún orin kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kan péré, lẹ́tà gàdàgbà, èyí tí mo lè kà láti ibi tí mo jókòó sí lábẹ́ iná búlúù orí ìtàgé. Bar ni àwa olórin ń pe ìdì kan nínú kíka ìlù, òun ni mo sì fi ń wọn gígùn apá kọ̀ọ̀kan. Snare ni ìlù tó wà níwájú onílù gan-an, kick sì ni ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù. Báyìí ni ti orin kọkànlá ṣe rí: "72. Kíbọ́ọ̀dù nìkan, 4. Lílé, 16, etí snare nìkan. Ègbè, 8, kick wọlé. Lílé, 16. Ègbè, 8, lẹ́ẹ̀mejì. Oríkì, ?. Ègbè, 8, gbogbo wa. Dúró pẹ̀lú báàsì." Àmì ìbéèrè yẹn ni ó gba oorun lójú mi. Nínú fídíò kìíní, bar 8 ni olórin fi ki oríkì Ọlọ́run kí ègbè tó padà; nínú èkejì, bar 22 ni, síbẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ́jú sí wọn.

Mo pe onílù tí ó fara pa náà. Àwọn kan gbà pé ìtìjú ni kí ènìyàn lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ lu ìlù rẹ̀. Èmi gbà pé àìmọ̀wàáhù ni kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ kí i kú ewu, mo sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìjókòó rẹ̀ ni mo ń bá a mú dání. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo ẹnu Mọ́mì o. Ọwọ́ òsì wọn ni kí ẹ máa wò. Bí wọ́n bá ti di ìkúùkù sẹ́yìn, ó ku bar méjì." Mọ́mì ni wọ́n ń pe olórin wọn. Mo kọ "ọwọ́ òsì" sí ẹ̀gbẹ́ àmì ìbéèrè náà.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ọjọ́ àti orúkọ mi. Ọ̀dọ̀ Hal Blaine ni mo ti jí àṣà yẹn kọ́. Onílù Los Angeles ni, ó lu ìlù sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo tó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, tí orúkọ rẹ̀ kì í sì í sábà sí lẹ́yìn wọn. Nítorí náà ó ṣe òǹtẹ̀ rọ́bà kan tí ó ń lù mọ́ ìwé orin kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀. Èmi kò tíì ṣe òǹtẹ̀, bírò ni mò ń lò.

Lọ́jọ́bọ̀, kò sí iná, àwọn ará ilé kò sì fẹ́ ariwo, nítorí náà orí ìrọ̀rí ni mo ti lu gbogbo orin náà. Ìrọ̀rí kì í ta igi padà, ọwọ́ ni yóò gbé e sókè fúnra rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí ó ti ń fi awọ ìlù rẹ́ ara rẹ̀ jẹ. Nínú ọnà tí onílù wọn ń dá, ìyẹn ìlù kúkúrú tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ láàárín apá orin kan àti èkejì, mo fi mẹ́ta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, torí pé àwọn elégbè ti fi wọ́n ṣe ibi tí wọ́n ti ń mí kí wọ́n tó gbé e. Ìyókù, mo lù ú bí ó ṣe wù mí. Orin kẹrin, tí ó tẹ̀ sí ìhà Afrobeat, fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ Tony Allen, ọmọ Èkó tí a bí ní 1940 tí ó sì lu ìlù fún Fẹlá títí di 1979, lè rò pé ńṣe ni ọkùnrin náà ń da ìlù bo orin. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó ń sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tí ń pariwo lé èkejì lórí. Mo yọ ìdajì ohun tí mo ti tò sínú orin kẹrin kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánrawò kan ṣoṣo tí a ní, wákàtí 5 nínú yàrá kan ní Dutse Alhaji. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Màlámù, bàbá Hausa kan tí ń lu kàlàǹgú. Ó há ìlù rẹ̀ sábẹ́ abíyá, mo sì rí i pé ọmọ ìyá gángan ni: ìbàdí tín-ín-rín, ojú méjì, àti ọṣán tí a ń fún kí ohùn lè ga. Nínú orin kejì, hi-hat mi, ìyẹn páànù irin méjì tí ẹsẹ̀ ń pa dé lórí ara wọn, àti kàlàǹgú rẹ̀ bọ́ sí ojú kan náà, ó wá dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì tí kò mọwọ́ ara wọn ń gún iyán nínú odó kan. Ẹ̀gbọ́n dá orin dúró. Èmi ni wọ́n wò, wọn kò wo Màlámù.

Ohun tí ó yọ mí ni ẹ̀kọ́ ilé. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú, ìlù kékeré tí a ń gbé kọ́ ọrùn tí a sì ń fi bílálà lù, kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan náà ni yóò máa sọ láti àárọ̀ di alẹ́, ìgbà tí ó bá sì dákẹ́ ni àwọn oníjó tó ń mọ̀ pé òun ni wọ́n ti ń fẹ̀yìn tì. Bàbá mi fi mí sí ìdí gúdúgúdú fún ọdún mẹ́rin, mo sì máa ń bínú nígbà náà pé wọn kò jẹ́ kí n gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí hi-hat ní gbogbo ibi lílé, mo ń fi ẹsẹ̀ nìkan pa á dé lórí ìlù kejì àti ìkẹrin, kàlàǹgú sì rí àyè sọ̀rọ̀. Màlámù mi orí, ó ní, "Yauwa," ìyẹn "ó dára" lédè Hausa.

Ní Àbújá, mo dé gbọ̀ngàn ní wákàtí 4 ṣáájú eré pẹ̀lú snare mi, páànù irin mi tí a ń pè ní cymbal, pẹ́dà kick mi, àti àlòkù kápẹ́ẹ̀tì kan, torí pé lórí táìsì kick máa ń yọ̀ lọ síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ìlù tí a bá níbẹ̀ kò dára. Èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì 12 ń dún bí agolo mílíìkì. Mo tú skúrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo nu eruku ọyẹ́ kúrò létí igi rẹ̀, mo dá awọ padà, mo sì fi ìka lásán yí àwọn skúrù náà títí wọ́n fi le. Lẹ́yìn èyí ni mo mú kọ́kọ́rọ́ ìlù, tí mo ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, láti orí skúrù kan bọ́ sórí èyí tí ó dojú kọ ọ́ ní òdìkejì, kí awọ má bàa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi igi kàn án níwájú skúrù kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ èyí tí ohùn rẹ̀ lọ sókè ju ti àwọn yòókù lọ, mo dẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kẹta tí mo yí wọn ká, ó dún "dùùn", ọmọkùnrin tó ń tún wáyà ṣe nísàlẹ̀ ìtàgé sì gbé orí sókè.

Síbẹ̀, orin kọkànlá mú mi. Nígbà tí Mọ́mì ń ki oríkì, mo tẹ orí ba láti ṣí ìwé orin tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú akàn kan péré, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n di ìkúùkù. Gbogbo ẹgbẹ́ wọlé, èmi sì fi bar kan pẹ́. Bar kan tí ìlù kò sí nínú rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ. Èrò kò mọ̀. Lẹ́yìn eré, Mọ́mì kò bínú, wọ́n kàn ní, "Àyàn, ojú ẹ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ìwé." Kí n tó sùn lóru ọjọ́ náà, mo ti há orin kọkànlá sórí, mo sì fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpò.

Jos ga tó bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, òtútù rẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ kì í sì í ṣe ti eré. Mo fi ìka mi yí ife tíì gbígbóná ká fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó lè ká. Awọ ewúrẹ́ ojú kàlàǹgú ti gbẹ, ó ti fà le, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sókè kọjá ibi tí Màlámù fẹ́. Ó fi aṣọ tí ó rin díẹ̀ bò ó títí a fi gun orí ìtàgé. Tèmi jẹ́ ike, irú èyí tí Remo Belli bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní California ní 1957, ọyẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. A wà láàárín orin kẹrìnlá nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú. Iná lọ, kíbọ́ọ̀dù lọ, báàsì lọ, click dákẹ́ létí mi. Ìlù mi, kàlàǹgú àti ohùn ènìyàn nìkan ni ó kù nínú òkùnkùn, Mọ́mì kò sì dúró. Mo kàn ń tẹ kick, mo ń lu etí snare, n kò dá ọnà kankan, èrò sì gba ègbè lẹ́nu wa. Nígbà tí iná dé, click bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ó wù ú, kò sí níbi tí a wà. Mo yọ earpiece, mo ju ọwọ́ sí ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà pé kí ó pa á, a sì fi ara wa parí orin náà.

Ọ̀sán gangan ni a gba ọ̀nà Kàdúná. Eré tibẹ̀ lọ geere, n kò sì ní ohun kan láti sọ nípa rẹ̀ ju pé Màlámù fún mi ní gúgúrú lẹ́yìn eré. Wọ́n di àwọn ẹrù sínú bọ́ọ̀sì, èmi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Rigasa ní Kàdúná padà sí Idu ní Àbújá, mo sì sùn dé.

Ìdajì owó tó kù, tí àwọn tó pe ọ̀kan nínú àwọn òde náà ní yóò wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ sórí WhatsApp ni mo ń fi ránṣẹ́ padà ní gbogbo ọjọ́ Ajé, láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un, títí owó fi dé.

Ní oṣù Igbe, onílù wọn wá sí Kubwa láti kí mi, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti jinná. Mo kó gbogbo ìwé 19 náà fún un. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀, títí ó fi dé orí kọkànlá. Ó wo orúkọ mi nísàlẹ̀, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ "ọwọ́ òsì".