Ìfẹ̀yìntì ti kù sí dẹ̀dẹ̀: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó òṣìṣẹ́ tán nínú ilé

Ìdí ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ni mo wà, ní Ìbàdàn níbí. Èmi ni mo máa ń bá wọn to ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga, NIN àti gbogbo fọ́ọ̀mù tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, bá béèrè. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ń dùn mí. Ẹni tó fi ọdún 35 sin ìjọba, tí kò jalè, tí kò gba ẹ̀gúnjẹ, yóò gba owó rẹ̀. Kí ọdún kejì tó pé, á ti padà wá jókòó síwájú mi, á máa béèrè bóyá ó ṣì ku nǹkan kan tí wọn kò tíì san. Kò ku nǹkan kan. Inú ilé lowó náà tán sí, láàárín ọkọ, aya, ọmọ àti ẹbí, nítorí pé kò sẹ́ni tó jókòó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé.

N kò ní máa ṣàlàyé ohun tí PFA, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, ń ṣe. Ẹ ti mọ̀ pé ọdún 60 lọ́jọ́ orí tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ ó fẹ̀yìn tì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin olùkọ́ náà mọ̀ pé òfin 2022 ti sọ tiyín di 65 àti 40. Ohun tí ẹ ń ṣe nílé ni mo bá wá.

Àkọ́kọ́: kí ọkọ fi iye tó ń bọ̀ pamọ́ fún ìyàwó, tàbí kí ìyàwó fi pamọ́ fún ọkọ. Àwọn ọkùnrin ló ń ṣe èyí jù. Wọ́n á ní, "Bí mo bá sọ fún un, á ti ná an tán lọ́kàn." Ó dáa, ẹ kò sọ. Ṣé ẹ rò pé kò ní í ṣírò o fúnra rẹ̀ ni? Ó ti gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò pé àwọn tó jẹ́ ìpele yín ń gba ogún mílíọ̀nù, òun náà sì ti fọkàn sí ogún mílíọ̀nù. Ó ti ṣèlérí fún àbúrò rẹ̀, ó ti sọ fún ọmọ tó fẹ́ rìnrìn àjò pé kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí owó bá wá jáde tó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, olè ni yóò pè yín nínú ilé tí ẹ jọ kọ́ tàbí tí ẹ jọ háyà. Obìnrin kan mú àbúrò ọkọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi kí n lè bá wọn dá sí i, kí n sọ iye tí ọkọ gbà. N kò lè sọ ọ́. Ẹni tó ni àkáǹtì RSA, ìyẹn àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nìkan ni wọ́n ń sọ iye tó wà níbẹ̀ fún. Ó sunkún títí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ iye náà, ẹ sọ bí owó ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Gírátúítì àtijọ́ tí bàbá yín gbà kọ́ nìyí. Láti ìgbà òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, owó tiyín ni ẹ ń tọ́jú: 8% láti inú owó oṣù yín, 10% láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba owó àkọ́kọ́ yẹn, ohun tó bá ṣẹ́kù sínú àkáǹtì gbọ́dọ̀ tó láti máa san ìdajì owó oṣù tí ẹ ń gbà nígbà tí ẹ lọ, ó kéré tán. Owó tí ẹ kó níwájú, ẹ̀yìn lẹ ti kó o. Ilé gbọ́dọ̀ mọ èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Èkejì: ẹ má yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọdún méjì tó kẹ́yìn, kí ẹ máa sọ pé owó ìfẹ̀yìntì ni yóò san án.

Ẹ̀kẹta: ayẹyẹ. Ẹ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ se ìrẹsì fún ẹbí. Kò sí ìdí gbọ̀ngàn, kò sí ìdí onílù àti aṣọ ẹbí oníran mẹ́ta fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró.

Ẹ̀kẹrin ló ń bí mi nínú jù, n ó sì sọ ọ́ délẹ̀: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílùú ẹni.

Ọ̀gá kan wà lọ́fíìsì wa, ọmọ Òkè-Ògùn. Ìbàdàn ló ti ń gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ìbàdàn ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ ló bímọ sí, Gbági sì ni ìyàwó ti ń ta aṣọ. Yàrá mẹ́ta ni wọ́n háyà. Nígbà tí ìfẹ̀yìntì ku ọdún kan, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ gún un lára pé ṣé inú ilé onílé ni yóò darúgbó sí ni, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́lé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Owó tó gbà ní 2023, ìlú ló kó gbogbo rẹ̀ lọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́jọ ló ní kí wọ́n yà fún òun. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù dé ibi dẹ́kìn, sìmẹ́ǹtì sì sáré kọjá ₦10,000 lápò ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́lé rí mọ ohun tí dẹ́kìn ń jẹ: irin, pákó, òkúta, yanrìn, sìmẹ́ǹtì, owó bíríkìlà, owó àwọn tí yóò ru kọnkéré. Ibẹ̀ lowó ti tán. Àwọn ọ̀pá irin tó yọrí sókè ti ń dípẹtà báyìí.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í. Ìgbà tí ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀ ló tó mọ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé òun kò lè ti ìsọ̀ òun pa lọ jókòó sí ìlú tí òun kò ti mọ oníbàárà kan ṣoṣo. Ó tọ̀nà. Owó ìsọ̀ yẹn ló ń bọ́ wọn báyìí, òun náà ló ń san owó ilé tí lańlọ́ọ̀dù ti fi kún.

Mo ti rí irú ilé yìí ní Ìṣẹ́yìn, mo ti rí i ní Ìjẹ̀bú, mo ti rí i ní Èkìtì. Ó ń dùn mí ní gbogbo ìgbà. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ọkùnrin tó bá fẹ́ kọ́ ọ nìyí, inú wọn kì í sì í dùn sí i. Ta ni yóò máa gun àtẹ̀gùn yẹn nígbà tí ẹ bá pé 70? Orúnkún yín tó ń dùn yín láti pálọ̀ dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí, ṣé òun ló fẹ́ gbé yín lọ sókè lóru? Ọmọ mélòó ló ń bọ̀ wá sùn nínú yàrá mẹ́jọ? Ọ̀kan wà ní Kánádà, ọ̀kan wà ní Lẹ́kí. Bí wọ́n bá wá nígbà Kérésìmesì, ọjọ́ méjì ni, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì máa ń sùn nítorí pé omi kò sí nílé. Dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ìlú wo ló wà? Ìyàwó yín, àwọn wo ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibo ni wọ́n ń gbé? Bí ẹ kò bá lè dáhùn, ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀.

Bí tọkọtaya bá fẹnu kò pé ìlú làwọn ń lọ, kò burú. Ẹ kọ́ yàrá méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ gbẹ́ kànga, kí ẹ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sítòsí yàrá tí ẹ ó sùn. Ẹ fi owó oṣù kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí páánù ti wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá ku ọdún márùn-ún. Bí ìlú ńlá lẹ ó bá dúró sí, ibẹ̀ ni kí ẹ wá ilé sí, kí ẹ sì tètè wá a. Láti 2022 ni PenCom ti fàyè gba òṣìṣẹ́ láti fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó RSA rẹ̀ ṣe owó àkọ́san ilé tó bá fẹ́ fi owó yíyá rà. Àwọn tí ìfẹ̀yìntì ti sún mọ́ kò sí nínú ètò yẹn. Àwọn ọmọ ọdún 45 ló yẹ kó gbọ́ èyí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹnu ará ilé kò sì ní í dákẹ́. Ẹ báà kọ́ ilé alájà mẹ́ta, wọn á rí nǹkan sọ sí i.

Ó tún ku ti mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ìfẹ̀yìntì ra Micra méjì fún dírẹ́bà, pé kó máa mú owó wá lójoojúmọ́, ṣé ẹ mọ mẹkáníìkì? Ṣé ẹ mọ iye táyà? Ẹni tí kò lè tẹ̀ lé mọ́tò rẹ̀ dé garéèjì, kó má rà á. Bákan náà ni adìyẹ àti ẹja. Oúnjẹ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí à ń ná lórí wọn, ẹni tí kò bá sì tíì sin díẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ fi ìwọ̀nba sìn ín nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Owó ìlọ́po: MMM ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa ní December 2016. Ní April 2025, CBEX gbé tiẹ̀ lọ, omijé sì pọ̀ ní Ìbàdàn yìí. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sẹ́ni tó ń bi mí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń tú ọ̀pọ̀ ilé. Ọkọ tó ti ń jáde láago mẹ́fà àárọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún yóò wá di ẹni tó jókòó sí pálọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Á máa béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣí fíríìjì, ta ló ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ló dé tí iná yàrá ọmọ ṣì ń tàn. Ìyàwó ti ní bó ṣe ń ṣètò ọ̀sán rẹ̀ tipẹ́, kò sì sí ọkọ nínú ètò náà. Ẹ fi àkókò ìsinmi ọdọọdún yín dán an wò kí ọjọ́ tó pé. Ẹ wá ibi tí ẹ ó máa lọ láàárọ̀, ì báà jẹ́ oko, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ì báà jẹ́ kíkọ́ ọmọ àdúgbò ní ìṣirò. Kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà.

Kì í ṣe àwàdà o. Ìyàwó ẹnì kan tí mo bá to ìwé lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ wọn ní Manchester. Físà àlejò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà, ó sì lò ó tán. Ọwọ́ ìyàwó ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá náà ti máa ń wà, kò mọ èyí tó ń lò láàárọ̀ àti èyí tó ń lò lálẹ́. Búrẹ́dì ló ń jẹ. Àwọn aládùúgbò ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Kí ìyá tó wọ bàálù, kí ẹ̀yin méjèèjì kọ orúkọ oògùn sí ìwé kan, kí bàbá sì fúnra rẹ̀ lò ó fún oṣù kan níṣojú ìyá.

Ẹ sì yé wí fún mi pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 30 ń san owó ilé, ó ń san owó iléèwé, owó oṣù rẹ̀ kì í dé ìparí oṣù. Bó bá fún yín, ẹ gbà á, kí ẹ súre fún un. Ẹ má kọ ọ́ mọ́ owó tí ẹ ó fi jẹun. Bí ọmọ yín bá ṣì wà ní girama nígbà tí ẹ ń lọ, owó iléèwé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ẹ má sì rò pé oṣù tí owó oṣù bá dúró ni pẹ́ńṣàn yóò bẹ̀rẹ̀. Owó iṣẹ́ tí ẹ ṣe kí 2004 tó dé, ọwọ́ ìjọba ló wà, ó sì ti máa ń pẹ́ kó tó jáde. Kí oúnjẹ oṣù mẹ́fà ti wà ní báńkì, ó kéré tán.

Ìwé ló kù. Ẹ̀yin obìnrin tí orúkọ ilé bàbá yín ṣì wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́, tí orúkọ ọkọ sì wà lórí NIN, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí. Ẹ tún ṣèbéèrè owó NHF, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, 2.5% tí wọ́n ti ń yọ lóṣooṣù nínú owó yín. Owó yín ni, pẹ̀lú èlé díẹ̀, ẹ lè gbà á padà bí ẹ bá ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ ẹni tó sún mọ́ yín jù tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù RSA. Bàbá kan kú, orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan kò sì tó láti gbowó: PFA yóò béèrè ìwé ìpíngún, tàbí ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ gíga ń fúnni láti ṣàkóso ohun ìní òkú. Ìyàwó àti àwọn ọmọ bàbá náà sáré lórí ìwé yẹn títí owó iléèwé fi wọlé tí wọn kò rí i san. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì PFA yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ yí orúkọ náà padà, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín sì bá yín lọ.